Jíìpù tó jókòó lẹ́yìn: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ lára ẹsẹ̀ rẹ̀?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 29 ni mí, Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé, mo sì ń sin ẹja àrọ̀ nínú oko kan lọ́nà Agbówà. Mo ra jíìpù Toyota 4Runner 1999 kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti lò ó fún ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti jókòó, abẹ́ rẹ̀ ń ha ilẹ̀ lọ́nà oko, bí mo bá sì bọ́ sínú kòtò, á máa jó bí ọkọ̀ ojú omi. Mo fẹ́ gbé e sókè ní íǹṣì mẹ́ta. Mẹ́káníìkì àdúgbò wa ní ká ki rọ́bà sáàárín sípíríǹgì, ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kí n wá ṣọ́ọ̀kì tó le jù lọ rà. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ́ iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì tú ju táyà lọ rí. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Àbúrò, o kú ìnáwó, o sì kú oríire mọ́tò. Ìkòròdú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo sì ti fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ irú jíìpù yẹn débi pé ìyàwó mi ní kí n kúkú gbé pílò lọ síbẹ̀. Ohun tí ò ń sọ yé mi. Àmọ́ àìsàn mẹ́ta lo kó jọ sínú ìbéèrè kan: mọ́tò jókòó, mọ́tò ń jó, abẹ́ mọ́tò ń ha ilẹ̀. O wá ń wá oògùn kan ṣoṣo fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o tiẹ̀ ti sọ oògùn náà lórúkọ, íǹṣì mẹ́ta. Ibẹ̀ ni èmi àti ìwọ ò ti ní fẹnu kò. Gíga kì í pa ìjó, ohun tó sì ń ha ilẹ̀ lábẹ́ rẹ lè má kúrò níbi tó wà bí o bá tilẹ̀ gbé mọ́tò náà dé òrùlé.

Jẹ́ ká mú ìjó yẹn kọ́kọ́. Sípíríǹgì ló ru mọ́tò. Irin mọ́tò, epo inú táǹkì, ìwọ fúnra rẹ, ẹrù ẹ̀yìn, orí sípíríǹgì ni gbogbo rẹ̀ jókòó lé. Ṣọ́ọ̀kì kò ru ẹrù, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pa ìjó sípíríǹgì. Bí o bá tẹ sípíríǹgì tí o sì fọwọ́ sílẹ̀, á ta sókè, á padà wálẹ̀, á tún ta, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Òróró wà nínú ṣọ́ọ̀kì, pẹ̀lú písítìnì tó ní ihò tín-ín-rín. Bí táyà bá ti lọ sókè tàbí tó wá sísàlẹ̀, tipátipá ni òróró yẹn fi ń gba ihò náà kọjá, tipátipá yẹn ló sì ń sọ ìjó di ooru. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí o bá rin ọ̀nà burúkú dáadáa, tí o sọ̀ kalẹ̀ tí o rọra fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó ń ṣiṣẹ́ á ti gbóná. Èyí tó tutù ni kí o fura sí. Ṣọ́ra fún páìpù ẹ̀súùsì nígbà tí o bá ń na ọwọ́ o. Bí o bá sì rí i tí òróró ti ṣàn sára ṣọ́ọ̀kì, tí eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí àyẹ̀wò kankan tó kù láti ṣe.

Jíìpù tó ń mì bí ọkọ̀ ojú omi, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kú nìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ rí apá kan òótọ́ náà, ó kàn sọ àsọdùn ni. Ṣọ́ọ̀kì tó le jù lórí sípíríǹgì tó ti rọ̀ kò ní gbé mọ́tò sókè, kò sì ní jẹ́ kí táyà bá ilẹ̀ lọ. Táyà á máa fò lórí gbogbo gbágungbàgun, ìbàdí rẹ ni yóò máa ka òkúta ọ̀nà Agbówà níkọ̀ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì gbọ́dọ̀ bára wọn mu bí igi odó àti odó.

Ti jíjókòó wá ń kọ́. Bí wọn ò bá tíì pààrọ̀ sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ láti ọdún 1999, ó ti lé ní ọdún 25 tó ti ń ru ẹrù, irin náà ní ẹ̀tọ́ láti rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dá a lẹ́bi, wo ohun tí ò ń gbé. Àpò oúnjẹ ẹja tí gbogbo wa ń rà, kìlógíráàmù 15 ni. Bí o bá kó 20 sẹ́yìn, 300 kìlógíráàmù nìyẹn. Bí o bá ń gbé ẹja láàyè lọ sọ́jà Olúwo nínú dúrọ́ọ̀mù lítà 200, omi inú dúrọ́ọ̀mù kan tó bá kún jẹ́ 200 kìlógíráàmù, a ò tíì ka ẹja. Fi àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń bá ọ fa àwọ̀n kún un. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹrù là á wò ká tó ra sípíríǹgì. Bí àwọn tó ń ṣe sípíríǹgì ṣe ń tò ó náà nìyẹn: èyí tó wà fún mọ́tò òfìfo, èyí tó wà fún ẹrù díẹ̀ tí kì í kúrò lẹ́yìn, èyí tó wà fún ẹrù tó wúwo lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ra ti ẹrù wúwo nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń ru oúnjẹ ẹja lóṣù, ọjọ́ tó kù nínú oṣù náà, ìdí mọ́tò rẹ̀ á ga bíi ti àgbò tó fẹ́ kàn, á sì máa fò lórí ọ̀dà tó tẹ́jú. Bí tìrẹ bá jẹ́ ẹrù ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, sípíríǹgì tuntun tó jẹ́ ìwọ̀n ti ilé iṣẹ́, tàbí èyí tó fi díẹ̀ le jù ú lọ, ni mo gbà ọ́ níyànjú láti rà. O lè fi àpò rọ́bà onífẹ́ẹ́fẹ́ tí wọ́n ṣe fún inú sípíríǹgì ẹ̀yìn kún un. Bí o bá fẹ́ ru ẹrù, fẹ́ ẹ. Bí o bá ti sọ̀ ọ́, tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó ku díẹ̀.

Àpò yẹn yàtọ̀ pátápátá sí rọ́bà tí mẹ́káníìkì yín fẹ́ ki bọ̀ ọ́. Rọ́bà tí wọ́n ń ki sáàárín ìká sípíríǹgì, tí àwọn kan tiẹ̀ ń gé láti ara táyà tírélà, máa ń gbé mọ́tò sókè lóòótọ́, ó sì ń wọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò lójú nítorí owó rẹ̀ kéré. Ohun tó ṣe gan-an ni pé ó ti dè lára àwọn ìká náà, wọn ò lè mí mọ́. Ìyókù tó ṣì lè mí ló wá ń ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn. Mo ti yọ sípíríǹgì tó já sí méjì kúrò lára mọ́tò kan tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ibi tí rọ́bà náà parí sí gẹ́lẹ́ ló ti já. Ẹni tó ni mọ́tò náà ní òun gbọ́ "gbàù" nítòsí Ìtòkín, òun rò pé táyà ló bẹ́.

Híha ilẹ̀ ló kù. Kí ló ń ha? Lọ wo abẹ́ mọ́tò náà, ojú ibi tó ha á máa dán. Bó bá jẹ́ àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́, páìpù ẹ̀súùsì tàbí bọ́ńpà ẹ̀yìn ló ń ha, sípíríǹgì tuntun á ràn ọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìkòkò gíà ẹ̀yìn, dífùrẹ́ńṣà, ló ń ha, kò sí sípíríǹgì láyé yìí tó lè gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yìn 4Runner jẹ́ irin kan ṣoṣo láti táyà ọ̀tún dé táyà òsì, ìkòkò yẹn sì wà lára irin náà. Orí táyà ló dúró lé. Sípíríǹgì ń gbé ara mọ́tò kúrò lórí irin yẹn ni, kì í gbé irin yẹn fúnra rẹ̀. Táyà nìkan ló ń gbé e. Ká ní nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rẹ jẹ́ 265/70R16, tí o bá bọ́ sí 265/75R16, gíga táyà náà á fi nǹkan bí mílímítà 26 lé sí i, ìdajì rẹ̀ nìkan ni yóò sì kan ìkòkò, nítorí pé àárín táyà ni irin náà gbà kọjá. Ìyẹn ni mílímítà 13, ìdajì íǹṣì. Mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ ọ nínú. Ọ̀nà oko tí ọkọ̀ agbégilódò ti là sí méjì, tí àárín rẹ̀ wú bí ẹ̀yìn ìjàpá, kì í ṣe gíga mọ́tò ló ń mú ni kọjá níbẹ̀. Bí a ṣe ń gbé táyà lé orí òkè àárín yẹn, ká má wọ ojú ipa náà, ni.

Wàyí o, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ìbéèrè rẹ ni èyí tí o kò béèrè. 4Runner tí wọ́n ṣe láti 1996 sí 2002 ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ níwájú, oríkèé onírin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ ara mọ́tò, bóòtù mẹ́rin ló dè é. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ìwúwo mọ́tò ń ti bọ́ọ̀lù náà wọ inú ilé rẹ̀ ni. Bó bá jẹ, á máa dún, á máa yọ ọ́ lẹ́nu títí wàá fi ṣe é. Nínú tìrẹ, ìwúwo mọ́tò ń fà á jáde kúrò nínú ilé rẹ̀ ni. Ó lè má dún púpọ̀. Lọ́jọ́ tó bá yọ, táyà iwájú á ṣẹ́ sábẹ́ mọ́tò, igun yẹn á sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti ṣojú mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni àkọ́kọ́ ń yí mọ́tò jáde nínú ọgbà ìjọ ni, ó bọ́ sílẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kejì wà lórí eré, n kò ní sọ ìyẹn níbí.

Nítorí náà, kí o tó ná kọ́bọ̀ lórí sípíríǹgì, gbé jáàkì sábẹ́ lówà áàmù (irin apá ìsàlẹ̀ tó so táyà iwájú mọ́ mọ́tò), kì í ṣe sábẹ́ ṣáàsí (egungun ẹ̀yìn mọ́tò), kí táyà fi díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Fi irin gígùn kan sábẹ́ táyà, kí ẹnì kan máa fi gbé e sókè kó máa sọ̀ ọ́, kí ìwọ tan iná sí jọ́ìntì náà. Bí o bá rí i tó ń rìn, bó ti wù kó kéré mọ, pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀tún àti òsì pa pọ̀, pẹ̀lú bóòtù tuntun. Ojúlówó ti Toyota ni kí o rà, ibí yìí nìkan ni mi ò ti ń bá oníbàárà dúnàá-dúrà. Bí o kò bá rí i pé ó ń rìn, tí o kò sì mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, èmi tí mo jẹ́ ojo á ṣì pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wo búùṣì lówà áàmù, tai rọ́ọ̀dù (irin tí sítíárìn fi ń yí táyà), línkéèjì (irin kékeré tó ń dín fífì mọ́tò kù), àti búùṣì àwọn irin gbọọrọ tó di ẹ̀yìn mú. Rọ́bà ni búùṣì, ó ń darúgbó bí mọ́tò ò tiẹ̀ rìn. Ìdajì àwọn tó ń wá bá mi pé àwọn fẹ́ gbé jíìpù sókè ló ń lọ sílé pẹ̀lú búùṣì, jọ́ìntì àti ṣọ́ọ̀kì tuntun, wọn kì í sì í padà wá béèrè gíga mọ́.

Bó bá ṣì wù ọ́ láti gbé e, gbọ́ ohun tí íǹṣì mẹ́ta ń gbé dání. Níwájú, àárín lówà áàmù ni ẹsẹ̀ sípíríǹgì dúró lé, kì í ṣe ìdí táyà. Ohun tó bá nípọn íǹṣì kan tí wọ́n bá gbé lé orí sípíríǹgì yẹn á gbé mọ́tò ní nǹkan bí íǹṣì méjì. Ọ̀pọ̀ ló ń ra oníǹṣì mẹ́ta ní èrò pé íǹṣì mẹ́ta ló máa fún wọn. Bí iwájú bá ti ga jù, ṣáàfù tó ń yí táyà á máa tẹ̀ sísàlẹ̀, rọ́bà orí rẹ̀ á ya, gíríìsì á tú dà nù, ẹrẹ̀ á wọlé, ṣáàfù á bẹ̀rẹ̀ sí í ta "kà-kà-kà" bí o bá ṣẹ́ kọ́nà. Ọ́pà áàmù, irin apá òkè tó di táyà mú, á fẹ́ máa kan sípíríǹgì, táyà kò sì ní dúró ṣánṣán mọ́, tó fi jẹ́ pé aláìmẹ́ǹtì oníkọ̀ǹpútà gan-an lè má rí i dá padà tán. Lẹ́yìn, irin kan wà tó dábùú láti ṣáàsí lọ sórí irin táyà. Bí mọ́tò bá ti ga, irin yẹn á fa gbogbo ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Họ́ọ̀sì bíréèkì á na tán. Ní ọ̀pọ̀ 4Runner ìgbà náà, irin tín-ín-rín kan tún wà tó ń sọ fún bíréèkì ẹ̀yìn bí ẹrù ṣe pọ̀ tó: bí ẹ̀yìn bá ga, á rò pé kò sí ẹrù, á dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù. Ìwọ tó sì ru dúrọ́ọ̀mù omi méjì nìyẹn o.

Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, íǹṣì kan ààbọ̀, tó bá pọ̀ jù, íǹṣì méjì, ni mo fọwọ́ sí. Ní ìwọ̀n yẹn, ṣáàfù ṣì wà ní ààyè tó dára, aláìmẹ́ǹtì ṣì lè gbà, ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu sì wà. Ìyẹn náà ṣe pàtàkì. Bí ṣọ́ọ̀kì bá kúrú fún sípíríǹgì gíga, òun ni yóò máa dá táyà dúró nínú gbogbo kòtò, títí orí rẹ̀ yóò fi já. Bó bá gùn jù, á tẹ̀ tán kí mọ́tò tó kan rọ́bà ìsàlẹ̀ tó yẹ kó gba ìlù náà. Ra sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tí ẹni tó ṣe wọ́n sọ pé ó bá ara wọn mu.

Ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà mọ́tò l'Ékòó, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ hàn ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ, á sì le. Má rà á. O kò mọ iye ọdún tó ti lò, àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti búùṣì tòkunbọ̀, bákan náà. Lówà áàmù tòkunbọ̀ tí kò tẹ̀, tí kò sì dógùn-ún, èmi máa ń rà á. Sípíríǹgì tòkunbọ̀, ó di ìgbà tí o bá wọn gíga méjèèjì tí wọ́n dọ́gba. Bí owó kò bá tó ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni kó ṣíwájú, ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà sípíríǹgì ẹ̀yìn. Táyà ló kẹ́yìn. Sípíríǹgì iwájú lè dúró títí di ọdún tó ń bọ̀.

O ní o fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ kọ́ ọ, mo sì fẹ́ràn ìyẹn. Ẹ̀yìn 4Runner dára fún akẹ́kọ̀ọ́: sípíríǹgì lọ́tọ̀, ṣọ́ọ̀kì lọ́tọ̀. Gbé ṣáàsí sórí sítáǹdì irin méjì, má fi jáàkì nìkan sílẹ̀, má sì lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì láéláé. Fi jáàkì di irin ẹ̀yìn mú, tú ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, tú àwọn ohun tó so mọ́ ọn tí kò gbọdọ̀ fà, pàápàá họ́ọ̀sì bíréèkì, lẹ́yìn náà kí o sọ jáàkì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí sípíríǹgì yóò fi tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Níwájú, má dé ibẹ̀. Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì iwájú jẹ́ odidi kan, nọ́ọ̀tì kan lórí ló sì di ìbínú sípíríǹgì náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá tú nọ́ọ̀tì yẹn láìfi irin ìfúnpọ̀ dè é, ìbọn ló tú. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀kan gba páànù òrùlé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi jáde. Ihò náà ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbòmìnira. Gbé ti iwájú lọ fún ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwa mẹ́káníìkì fúnra wa máa ń bàjẹ́. Bí o bá ń de bóòtù tó gba inú búùṣì kọjá, má fún un pa nígbà tí táyà ṣì wà lókè. Fi ọwọ́ dè é, sọ mọ́tò kalẹ̀, mì ín díẹ̀ kó jókòó dáadáa, lẹ́yìn náà ni kí o wọ abẹ́ lọ fún un. Rọ́bà búùṣì ti lẹ̀ mọ́ irin inú rẹ̀. Bí o bá fún un nígbà tó rọ̀ sísàlẹ̀, á wà ní lílọ́ títí ayé rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ya. Wọ́n á ní búùṣì ayédèrú ni wọ́n tà fún ọ.

N kò tíì fojú kan mọ́tò rẹ, nítorí náà ohun kan lè yí gbogbo ọ̀rọ̀ mi padà: ìpẹtà. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni mọ́tò rẹ ti wá, mọ̀ pé láwọn apá ibẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì, iyọ̀ yẹn sì ń jẹ ṣáàsí àwọn Toyota ìgbà náà láti inú wá. Mú hámà kékeré, kí o máa lu ṣáàsí láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá lókè táyà ẹ̀yìn. Ibi tó bá dún kọ́ńkọ́ńkọ́ dára. Ibi tó bá dún bí àgbá tó ti bà jẹ́, tàbí tí hámà wọlé, dá gbogbo ìnáwó dúró, kí o pe wẹ́dà tó mọṣẹ́ kó wò ó.

Kí o tó pè mí padà, mú tépù, kí o wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti àárín táyà dé etí irin tó wà lókè rẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Wọ̀n ọ́n nígbà tí mọ́tò ṣófo, kí o tún wọ̀n ọ́n nígbà tí o bá ru oúnjẹ ẹja tí o sábà máa ń ru. Bí òsì bá fi nǹkan bí sẹ̀ńtímítà kan rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ, má dààmú, bí wọ́n ṣe sábà máa ń dúró nìyẹn. Nọ́ńbà mẹ́jọ ni wàá kọ sílẹ̀. Fi ránṣẹ́ sí mi, a ó wá mọ irú sípíríǹgì tí wàá béèrè lọ́jà.